Ẹ Má Ṣe B&B Etí Òkun Bí Òtẹ́ẹ̀lì: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Tọkọtaya

Ọdún mẹ́ta léra wọn ni èmi àti ọkọ mi ti lọ sinmi ní Margate, ìlú etí òkun kan ní Kent. Láti St Pancras ní London, bíi wákàtí kan àbọ̀ ni nínú ọkọ̀ ojú irin. B&B (bed and breakfast, ilé tí wọ́n ti ń fún àlejò ní ibùsùn àti oúnjẹ àárọ̀) la máa ń wọ̀ sí. Mo mọ àwọn tọkọtaya tó lọ tayọ̀tayọ̀ tí wọ́n sì bínú bọ̀, bí mo bá sì wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ohun kan náà ni: wọ́n rò pé òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n lọ. Ilé ẹni kan ni B&B. Onílé ń gbé inú rẹ̀, òun ló ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun náà ló máa dín ẹyin yín láàárọ̀. Ẹ sanwó lóòótọ́, àmọ́ àlejò lẹ jẹ́. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ẹ kí i.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń gba àlejò sílé ní ìlú yẹn. Turner, ayàwòrán Gẹ̀ẹ́sì tó lókìkí nì, ilé Ìyáàfin Sophia Booth nítòsí èbúté ló máa ń wọ̀ sí. Ibi tí ilé náà wà ni wọ́n kọ́ Turner Contemporary sí, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ṣí ní 2011.

Àṣìṣe tó ń kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́ ni kí èèyàn dé ṣáájú àkókò. Agogo mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ onílé ń gba àlejò. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a lọ, a ti dé ẹnu ọ̀nà kí ọ̀sán tó pọ́n. A tẹ aago títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, òjò sì ń rọ̀. Kí onílé tó ti ọjà dé, èmi àti ọkọ mi ti fa ọ̀rọ̀ lórí ẹni tó yẹ kó ti pe obìnrin náà, ọ̀rọ̀ yẹn ló sì gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ wa. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láago lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ sọ wákàtí tí ẹ máa dé, ẹ sì béèrè bóyá ẹ lè kó ẹrù sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ṣáájú.

Ẹrù náà, kó má pọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí ti wà láti ayé Ọbabìnrin Victoria, wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí lífítì. Yàrá òkè ló sábà máa ń rí òkun. Ẹni tí orúnkún ń dùn, ọjọ́ tó ń gba yàrá ni kó ti sọ pé ìsàlẹ̀ lòun ń fẹ́.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Mo mọ̀ wá. A kì í rìnrìn àjò ọjọ́ mẹ́ta kí kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹran díndín má tẹ̀ lé wa. Oúnjẹ wa kò burú rárá. Ṣùgbọ́n yàrá yẹn kéré, kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, kọ́tìnnì nípọn, òórùn ata díndín á sì wọ inú wọn ṣinṣin. Àlejò mìíràn ń bọ̀ lọ́la. Àwọn kan ń se Indomie nínú kẹ́tùlù tí ẹlòmíràn máa fi po tíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ gbé oúnjẹ yín lọ sétí òkun, ẹ tẹ́ aṣọ, ẹ jẹun níbẹ̀, kí ẹ sì ṣọ́ àwọn ẹyẹ òkun funfun wọ̀nyẹn, nítorí wọ́n ń já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Ní ti oúnjẹ àárọ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni béékìn, òun náà ló sábà máa ń wà nínú sọ́séèjì, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì sábà fi ń ṣe black pudding. Bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí, tàbí tí oúnjẹ kan kò bá yín lára mu, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó dé, kì í ṣe ìgbà tí àwo bá ti délẹ̀.

Ògiri fẹ́lẹ́. Bí ìyá yín bá pè láti Ìbàdàn ní agogo mẹ́fà àárọ̀, ẹ má fi í sí sípíkà.

Àṣìṣe tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ, ti òkun ni. Àwa tí a mọ òkun Èkó máa ń rò pé bí ìgbì kò bá ti ru, ewu ò sí. Òkun Margate lè dákẹ́ rọ́rọ́, síbẹ̀ kó gbẹ̀mí. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń kún tó sì ń fà. Láàárín bíi wákàtí mẹ́fà, yanrìn tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ á ti wọ abẹ́ omi. Ní Botany Bay tó wà nítòsí, ẹni tó bá gba ìdí àwọn àpáta ẹfun kọjá nígbà tí òkun fà lè rí i pé omi ti dí ọ̀nà ìpadà mọ́ òun. Ẹ bi onílé léèrè láràárọ̀ pé aago mélòó ni òkun máa kún, torí wákàtí náà ń sún síwájú lójoojúmọ́.

Omi náà tutù, kódà ní Oṣù Kẹjọ. Ẹni tó bá bẹ́ sínú rẹ̀ lójijì lè máa mí gúlegúle kó sì gbé omi mì. Ẹ wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, láàárín àsíá pupa òun yẹ́lò tí àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun rì mọ́lẹ̀. Bó bá fẹ́ gbé yín, ẹ fẹ̀yìn lé omi, ẹ léfòó títí èémí yín á fi balẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnì kejì yín ló wà nínú ewu, ẹ pe 999, ẹ ní Coastguard, àwọn tó ń gba èèyàn là lójú òkun, lẹ ń fẹ́. Ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e.

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya a máa lo ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ láti tú ẹrù àti láti wo fóònù, oòrùn á sì wọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rí i. Ní Margate, inú òkun gan-an ló ń wọ̀ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní Oṣù Kẹfà ó máa ń kọjá agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ fi àpótí sílẹ̀, ẹ mú ẹ̀wù òtútù, ẹ jókòó ti ara yín lórí yanrìn. Kí ẹ tó jáde, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ìta, nítorí onílé á ti sùn kí ẹ tó padà.