Yíyan bíráósà fún laptop tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ kò ju 4 GB lọ

Kí ẹ tó yan bíráósà tí ẹ ó máa fi wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ fi sí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Lórí Windows 10 tàbí 11, ẹ tẹ Windows àti I pa pọ̀ kí Settings ṣí, ẹ wọ System, kí ẹ wá tẹ About tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Installed RAM á sọ iye RAM tí ẹ ní, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí; irú Windows tó wà lórí ẹ̀rọ náà á hàn níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn laptop tòkunbọ̀ tí à ń rà kò ju 4 GB lọ. Windows lè ti gba bí ìdajì rẹ̀ kí ẹ tó ṣí ohunkóhun, ìyókù ló kù fún bíráósà. Ẹni tó ní 8 GB lè lo èyí tó bá wù ú. Orí 4 GB ni wàhálà wà.

Bó bá jẹ́ Windows 7 tàbí 8.1 ni, Chrome 109 tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023 ló gbẹ̀yìn tó lè ṣiṣẹ́ lórí wọn, Firefox 115 náà ló sì gbẹ̀yìn ní tirẹ̀. Ẹ má fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ àkáǹtì báńkì yín: ihò tí àwọn olè bá rí nínú Windows tàbí bíráósà tí kò gba àtúnṣe mọ́, bẹ́ẹ̀ ló máa wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Microsoft fúnra rẹ̀ dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àmọ́ àwọn bíráósà ńlá ṣì ń gba àtúnṣe lórí rẹ̀.

Àwọn bíráósà kò yàtọ̀ síra tó bí orúkọ wọn ṣe pọ̀ tó. Chrome, Edge, Opera, Brave àti Vivaldi, orí Chromium kan náà, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ wọn, ni gbogbo wọn dúró lé. Firefox nìkan ló ń lo ìpìlẹ̀ tirẹ̀, Gecko, láàárín àwọn tó gbajúmọ̀ lórí Windows. Nítorí náà, bí ìkànnì kan bá ń ṣe ségesège nínú Chrome, Opera kò lè ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀; Firefox ni kí ẹ fi dán an wò. Bíráósà méjì ti tó: ọ̀kan nínú àwọn Chromium, kí Firefox ṣìkejì.

Lórí 4 GB, Edge ni tiwa nínú àwọn Chromium, torí ó ti wà lórí Windows tẹ́lẹ̀, ẹ ò ní fi dátà gbà á. Òun ni kí ẹ máa fi wọ báńkì àti ibi tí ẹ ti ń kún fọ́ọ̀mù, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, Chrome ni wọ́n fi ń dán an wò. Ẹ lọ sí System and performance nínú Settings rẹ̀. Ẹ tan sleeping tabs, kí ẹ sì yan ìṣẹ́jú 5. Tábù tí ẹ ò bá lò láàárín àkókò yẹn á sùn, RAM tó gbà á sì dín kù. Ẹ pa Startup boost, àti èyí tó ń jẹ́ kí Edge máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á. Bí ẹ bá ní fọ́ọ̀mù gígùn láti kún, ẹ kọ àdírẹ́sì ìkànnì náà sábẹ́ Never put these sites to sleep, kí ohun tí ẹ ti kọ má baà ṣòfò.

Bí ẹ̀rọ bá ṣì ń rá pálá, ẹ má tíì dá bíráósà lẹ́bi. Ẹ tẹ Shift àti Esc pa pọ̀ nínú Edge tàbí Chrome. Àtẹ kan á yọ, tó to tábù àti extension (àfikún tí a ń so mọ́ bíráósà) kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye RAM tó ń jẹ. Ẹ tẹ orí òpó Memory kí èyí tó tóbi jù bọ́ sókè, ẹ yàn án, kí ẹ tẹ End process. Lọ́pọ̀ ìgbà, tábù kan ṣoṣo tó kún fún fídíò àti ìpolówó ló ń da gbogbo rẹ̀ rú. Nínú Firefox, ẹ kọ about:processes síbi àdírẹ́sì.

Firefox ni kí ẹ máa fi ka ìròyìn, torí pé uBlock Origin, extension tó ń dènà ìpolówó, ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ní kíkún. Ní ọdún 2025 ni Chrome pa á, tí uBlock Origin Lite nìkan ṣẹ́ kù níbẹ̀. Kì í ṣe ìpolówó nìkan ni uBlock Origin ń dènà. Nínú Settings rẹ̀, ẹ máa rí ibi tó ti lè dá fídíò àti àwòrán tó bá ju 50 KB lọ dúró títí ẹ ó fi tẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ń fi hotspot fóònù ṣiṣẹ́ á rí i lára dátà rẹ̀ kíákíá. Kí ẹ tún lọ sí Properties ti Wi-Fi náà nínú Settings ti Windows, kí ẹ tan Metered connection, kí Windows má baà máa fi dátà yín gba àtúnṣe ńláńlá.

Bí gbogbo ìkànnì bá ń sọ pé Your connection is not private, ẹ wo aago kọ̀ǹpútà. Bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ, CR2032 ni nínú ọ̀pọ̀ wọn, ti lè kú, tí ọdún á sì padà sẹ́yìn. Ẹ tún ọjọ́ ṣe, kí ẹ pààrọ̀ bátìrì náà. Yíyí bíráósà padà kò wo èyí. Ìkìlọ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ti wọlé, tó ń yọ ní igun ìsàlẹ̀, sábà máa ń wá láti ìkànnì tí ẹ tẹ Allow fún. Ẹ wá Notifications nínú Settings bíráósà, kí ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Láti gba Firefox, ẹ kọ firefox.com fúnra yín. Ohun tó wà lókè pátápátá tí ẹ bá wá a lè jẹ́ ìpolówó àwọn gbájúẹ̀. Lẹ́yìn náà, Import Browser Data nínú Settings á kó bookmark yín wá. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá kọ̀ láti tẹ̀ lé e, ẹ kó wọn jáde láti inú bíráósà àtijọ́ sínú fáìlì CSV, kí ẹ wá kó o wọlé níbí. Gbangba ni ọ̀rọ̀ aṣínà wà nínú fáìlì yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i á kà á. Tí ẹ bá ti wọ ìkànnì méjì mẹ́ta tí ẹ rí i pé wọ́n pé, ẹ pa fáìlì náà rẹ́, kí ẹ sì da Recycle Bin nù lójú ẹsẹ̀.