Kí iṣẹ́ má baà gbẹ mọ́ wa lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, ẹ má jẹ́ kí irinṣẹ́ tuntun gba gbogbo àkókò yín. Àwọn tó gbára lé Flash nìkan, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe eré àti àwòrán tó ń rìn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mọ bó ṣe rí nígbà tí ilé-iṣẹ́ Adobe pa á tì ní ìparí ọdún 2020. SQL, èdè tí a fi ń bi àkójọ ìsọfúnni (database) ní ìbéèrè, tí wọ́n ti ń lò láti àwọn ọdún 1970 ńkọ́? Kò sí ibi tí ẹ dé tí ẹ ò ní bá a. Irú ìpìlẹ̀ báyìí ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dunjú.

Bí àpẹẹrẹ, ẹ wá query kan (ìbéèrè tí ẹ fi SQL kọ) tó ń falẹ̀ níbi iṣẹ́ yín. Tó bá jẹ́ PostgreSQL, ọ̀kan lára àwọn ètò database, lẹ ń lò, ẹ kọ EXPLAIN ANALYZE síwájú query náà; á fi bó ṣe ṣiṣẹ́ àti àkókò tó gbà hàn yín. Tí ẹ bá rí “Seq Scan” lórí tébù ńlá, gbogbo ìlà ibẹ̀ ló ń kà tán pátá. Ẹ fi index (atọ́ka tó ń jẹ́ kó tètè rí nǹkan) sórí kọ́lọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń wá nǹkan, kí ẹ tún fi EXPLAIN ANALYZE yẹ query náà wò, kí ẹ wá fi àkókò méjèèjì wéra. Ẹ ṣọ́ra o: ANALYZE yẹn máa ń ṣe iṣẹ́ náà ní ti gidi; tó bá jẹ́ DELETE (àṣẹ ìparẹ́) lẹ kọ, àwọn ìlà inú tébù yín á parẹ́ lóòótọ́!

Ní ti AI, ẹ lò ó, kò burú. Ṣùgbọ́n kóòdù tí ẹ ò lè ṣàlàyé fún ọ̀gá yín, ẹ má fi ránṣẹ́.

Ìwé PostgreSQL wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní PDF. Ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ lè máa kà á nígbà tí kò bá sí dátà.