Tí ìgbéyàwó bá túká ní England, ilé Èkó wà nínú ìṣirò

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní England àti Wales, ẹ má pe àwa tá a wà ní Yábàá àti Surulere pé ká bá yín gbé ìwé ilẹ̀ pamọ́ torí ẹ fẹ́ kọ ara yín sílẹ̀. Dúkìá tí tọkọtaya ní níbikíbi láyé ni kọ́ọ̀tù ibẹ̀ ń béèrè. (Scotland ní òfin tirẹ̀.)

Tí ọ̀rọ̀ owó bá dé iwájú adájọ́, ẹ ó kún fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní Form E: ilé, mọ́tò, owó ìfẹ̀yìntì, gbèsè. Ẹ ó so àkọsílẹ̀ báńkì oṣù 12 mọ́ ọn. Orúkọ àbúrò lè wà lórí ìwé ilẹ̀ Ìkòròdú o, àmọ́ owó sìmẹ́ńtì àti páànù tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí i wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Tí àṣírí bá tú, adájọ́ kò ní gba ìyókù ọ̀rọ̀ yín gbọ́, ó sì lè ní kẹ́ ẹ san owó lọ́yà ẹnì kejì. Ohun tẹ́ ẹ lè bẹ̀ wá ni pé ká wá survey àti rìsíìtì jáde, ká pe ẹni tó níwèé àṣẹ wá díye lé ilé.

Ẹlòmíì á sáré wálé wá gba ìkọ̀sílẹ̀ ní kọ́ọ̀tù Èkó. Ìyẹn náà kì í fìgbà gbogbo parí ọ̀rọ̀. Ní 2010, Supreme Court ní London fọwọ́ sí i pé kí obìnrin kan tí wọ́n ti tú ìgbéyàwó rẹ̀ ká ní Èkó gba £275,000 nínú owó ilé wọn ní London, kó sì yọwọ́ nínú ilé tí kọ́ọ̀tù Èkó ní kó máa gbé.

Ti gbèsè ló ń dùn mí jù. Èyí tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí, báńkì lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kódà bí adájọ́ bá ní ọkọ ni kó san án, àṣẹ yẹn kò de báńkì. Tí ọkọ ò bá san, wọ́n á wá bá ìyàwó. Ẹ rí i pé báńkì fúnra rẹ̀ yọ orúkọ yín kúrò. Owó tí màmá tàbí ẹ̀gbọ́n yá yín láìsí ìwé, adájọ́ lè má kà á kún gbèsè rárá, torí ó mọ̀ pé wọn ò ní pè yín lẹ́jọ́. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí owó tó wọlé àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ lórí WhatsApp.

Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ nìkan kò pa ọ̀rọ̀ owó dé. Ẹnì kejì lè padà wá béèrè lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ẹ bá ti fẹnu kò, kí lọ́yà kọ ọ́ sínú consent order, ìyẹn ìwé àdéhùn tó máa di àṣẹ kọ́ọ̀tù tí adájọ́ bá fọwọ́ sí i. Bí conditional order, ìyẹn àṣẹ ìkọ̀sílẹ̀ àkọ́kọ́ tó ń jáde kí ìgbéyàwó tó túká pátápátá, bá ti jáde, adájọ́ lè fọwọ́ sí àdéhùn náà.