Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń fi lẹ́ǹsì 50mm wéra

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 wé f/1.4 tàbí f/1.2 kì í dán lẹ́ǹsì wò rárá. (Nọ́ńbà tó tẹ̀lé f ń sọ bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe tóbi tó: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń tóbi tó.) Ọwọ́ tó gbọ̀n tàbí fókọ́ọ̀sì (ibi tí lẹ́ǹsì ń mú kó hàn kedere) tó ṣì ni wọ́n ń dán wò, lẹ́ǹsì ni wọ́n wá ń dá lẹ́bi.

Fókọ́ọ̀sì ló ń ba ìdánwò jẹ́ jù. Ní f/1.4, bí ohun tí o ń yà bá wà ní mítà kan, ibi tó máa hàn kedere, láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Bí o bá fara sún díẹ̀ báyìí, ó ti bọ́. Má ṣe fi ọwọ́ di kámẹ́rà mú. Gbé e lé ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, fi ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀) sí 100, kí kámẹ́rà dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 2 kó tó yà. Pa ohun tó ń ká gbígbọ̀n lọ́wọ́ kò, torí lórí ọ̀pá, òun fúnra rẹ̀ lè mi àwòrán. Fẹ ohun tó wà lójú kámẹ́rà ní ìlọ́po 10, kí o fi ọwọ́ yí fókọ́ọ̀sì. Yà á lẹ́ẹ̀mẹta, tún fókọ́ọ̀sì ṣe nígbà kọ̀ọ̀kan, mú èyí tó dára jù. Tún un ṣe pẹ̀lú bí o bá yí ihò lẹ́ǹsì padà: ibi tí fókọ́ọ̀sì wà máa ń sún nínú àwọn lẹ́ǹsì kan bí ihò ṣe ń kéré sí i. Wọ́n mọ Canon EF 50mm f/1.2L dáadáa fún èyí.

Má fi f/8 dájọ́. Níbẹ̀, lẹ́ǹsì olówó pọ́ọ́kú àti olówó gegere fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ihò ńlá ni o sanwó lé lórí. Ṣùgbọ́n má fi f/1.8 tó ṣí tán wé f/1.4 tó ṣí tán náà. Fi méjèèjì sí f/1.8, lẹ́yìn náà f/2.8.

Bí ògiri tí o ń yà fún ìdánwò kò bá dọ́gba níwájú kámẹ́rà, ó máa ń parọ́ mọ́ igun àwòrán, nítorí náà fi téèpù wọn bí apá òsì àti apá ọ̀tún rẹ̀ ṣe jìnnà sí kámẹ́rà. Bí igun kan ṣoṣo nínú àwòrán bá rí bàìbàì lẹ́yìn ìyẹn, gíláàsì inú lẹ́ǹsì yẹn lè ti yẹ̀: dá a padà, má bú gbogbo irú rẹ̀. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá rí bàìbàì, gbé fókọ́ọ̀sì sí igun kí o tún yà. Tó bá hàn kedere, ibi fókọ́ọ̀sì rẹ̀ ló tẹ̀ kọrọdọ. Kámẹ́rà kan náà ni kí o lò, kí o sì yà á ní RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe), torí JPEG, fáìlì àwòrán lásán, ti gba àtúnṣe tẹ́lẹ̀.

Ní ti owó, f/1.4 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó tó ìlọ́po 1.65 ti f/1.8, f/1.2 ń gba ìlọ́po 2.25. Ibi tó nílò ISO 3200 ní f/1.8 yóò gba nǹkan bíi 1400 ní f/1.2. Ìyẹn kì í ṣe kékeré, àmọ́ Canon RF 50mm f/1.8 wọn gíráàmù 160, RF f/1.2L wọn 950. Nọ́ńbà kékeré kò sì fi dandan jẹ́ kedere: Nikon Z 50mm f/1.8 S mú kedere ní f/1.8 ju ọ̀pọ̀ f/1.4 àtijọ́ lọ. Kí o tó sanwó, yẹ àwòrán ọdún kan rẹ wò lórí kọ̀ǹpútà, kí o ka iye tí o yà pẹ̀lú nọ́ńbà f tó kéré ju 2 lọ.