Bí ẹ ṣe lè yan ẹ̀rọ GPS tó yẹ alùpùpù yín

Ẹ̀rọ GPS ló ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀; ẹ yẹ máàpù inú rẹ̀ wò kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní Yúróòpù lè má ní ju máàpù Yúróòpù lọ. Bí ẹ bá tàn án ní Adó-Èkìtì, á mọ ibi tí ẹ dúró sí, ṣùgbọ́n ó lè má rí títì kan fi hàn yín. Ẹ tẹ Ẹrìjìyàn sínú rẹ̀ níṣojú ẹni tó ń tà á. Bó bá fa ọ̀nà gba Ìyìn, Ìgèdè àti Àrámọ̀kọ, a jẹ́ pé máàpù wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ Garmin ṣì ní àtúnṣe: ẹ lè gba máàpù OpenStreetMap, tí àwọn aráàlú fúnra wọn ń yà, lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ kó o sínú mẹ́mọ́rì káàdì rẹ̀. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ TomTom kì í gba irú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló kan òjò. IPX7 ni kí ẹ wá lára páálí: ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè wà nínú omi tó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ gbé e sínú oòrùn ọ̀sán, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ojú rẹ̀ bá ṣókùnkùn tàbí tí kò gbọ́ ìka yín, ẹ dá a padà.

Iná ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wọn bátìrì; 12 fóòtì (volt) ló yẹ kó jẹ́, torí àwọn alùpùpù àtijọ́ kan ń lo 6. Wáyà pupa lọ sórí pósítífù, dúdú sórí nẹ́gátífù. Fíùsì, ìyẹn ohun tó ń já iná bó bá pọ̀ jù, tí ìwé ẹ̀rọ náà dárúkọ ni kí ẹ lò, kó sì wà nítòsí bátìrì gan-an. Bí alùpùpù ṣe ń gbọ̀n, wáyà á máa ha ara irin títí rọ́bà rẹ̀ á fi bó. Bó bá kan irin láàárín bátìrì sí fíùsì, kò sí ohun tó máa pa iná náà, wáyà á jó. Ẹ ní kí rewáyà jẹ́ kí iná náà gba ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń ṣí kó tó dé ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ má baà fa bátìrì gbẹ mọ́jú.

Kí ẹ tó so wáyà mọ́ra, ẹ yí ọwọ́ alùpùpù dé òpin lápá òsì àti ọ̀tún. Bí wáyà bá le tantan, kọ́ọ̀nà òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ló máa já a. Irin ni kí ìdìmú ẹ̀rọ náà jẹ́, kì í ṣe ike. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ti ń gun alùpùpù lórí ọ̀nà oníkòtò, ẹ tún gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè.