Bí ẹ bá fẹ́ fi hẹlikópítà wo òkè Aoraki

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tó ń lọ New Zealand, òkè Aoraki ga tó mítà 3,724, ìkùukùu sì lè bò ó lójijì. Torí náà, ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ lọ́wọ́. Àárọ̀ ló dáa jù.

Wọ́n á wọn yín. Ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń pín ìjókòó, ẹ má bínú. Aṣọ dúdú ni kí ẹ wọ̀. Funfun ni mo wọ̀, òjìji rẹ̀ ló kún gíláàsì nínú gbogbo fọ́tò mi, ó dùn mí gan-an.

Bí ẹ bá ń lọ wọ hẹlikópítà, ẹ bọ́ fìlà. Ẹ gba iwájú rẹ̀, níbi tí awakọ̀ ti ń rí yín. Ẹ má dé ìdí hẹlikópítà láéláé! Abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn yẹn ń yí débi pé ojú kì í rí i.

Bí ẹ bá bà sórí yìnyín, ẹ wo inú àwọn lílà rẹ̀: àwọ̀ aró tó ti ṣá ni.