Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Agbaṣẹ́ṣe Bí Ọ̀rọ̀ Owó Bá Dé

Ẹni tó lè to táìlì kí ó gún régé, tó lè tú páìpù tó ti dípẹtà láìfọ́ ògiri, ẹ bi í pé "Èló ni?" kí ẹ wá wò ó bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí. Iṣẹ́ ò bà wá lẹ́rù. Owó ni a kì í mọ̀ ọ́n sọ.

Èyí tó burú jù ni kí a dá iye lé iṣẹ́ tí a kò tíì fojú rí. Mo ti ṣe é rí. Ìyá kan pè mí lórí fóònù, wọ́n fẹ́ pààrọ̀ táìlì ògiri bálùwẹ̀ wọn, mo sì ti sọ iye kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Ìgbà tí a ṣí táìlì kúrò, àṣé omi ti ń jò lẹ́yìn rẹ̀ tipẹ́. Mo fi ìka kan tẹ ògiri, ìka wọlé. Mo ní owó á lé. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ iye?" Òótọ́ ni. Èrè mi ni mo fi tún ògiri náà ṣe.

Ohun tó yẹ kí n sọ kò ju "Ẹ jẹ́ kí n wá wò ó ná, kí n má baà ṣì yín lọ́nà." Bí oníbàárà bá fi dandan lé e, ẹ sọ ibi tí owó lè ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó lè dé, kí ẹ sì là á mọ́lẹ̀ pé ìfojúbù ni. Ìfojúbù lè yí. Iye tí ẹ bá ti fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ yẹ̀, àfi tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ bá yí. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, èwo nínú méjèèjì ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín.

"Èló lẹ ní lọ́wọ́?" náà dà bí ẹni tó fẹ́ tú àpò oníbàárà wò. Ẹ kúkú bi í pé, "Èló lẹ ní lọ́kàn láti ná sí i, kí n lè mọ irú ohun èlò tó máa bá a mu?" Ohun kan náà la béèrè, ṣùgbọ́n èyí ò ta ni létí.

Tí ẹ bá ti sọ iye, ẹ pa ẹnu mọ́. Ọ̀pọ̀ wa, bí a bá sọ owó tán, ẹnu ò ní dúró: "Ẹ má bínú o, nǹkan ló wọ́n, a ṣì lè yọ díẹ̀…" Oníbàárà ò tíì fọhùn o! Bóyá ó tiẹ̀ ń rò ó pé kò wọ́n ni.

Ẹ̀dínwó ló ń pa wá jù. Ká ní ohun èlò àti owó òṣìṣẹ́ jẹ́ 100, ẹ fi 20 lé e, ó di 120. Oníbàárà ní kí ẹ yọ ìdá 20 nínú 100. Ẹ rò pé èrè nìkan lẹ yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ara 120 lẹ ti ń yọ ọ́: 24 lọ, ó ku 96. Ẹ ti jẹ gbèsè 4 kí ẹ tó gbé òòlù. Bí owó bá máa dín, kí iṣẹ́ dín pẹ̀lú rẹ̀: "Ó ṣeé ṣe, tí a bá fi àjà sílẹ̀ di ìgbà mìíràn." Tí owó bá kàn já wálẹ̀ lásán, oníbàárà á gbà pé àsọdùn lẹ sọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má bú agbaṣẹ́ṣe tí iye tirẹ̀ kéré. Ẹ kàn béèrè bóyá kíkó pàǹtírí dànù àti pẹ́ńtì wà nínú iye rẹ̀; ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ sábà máa ń wà. Àsansílẹ̀ náà, ẹ pín in sí ìpele iṣẹ́, kí ẹ má gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ku ti oníbàárà tó máa ń sọ láàárín iṣẹ́ pé, "Ẹ bá wa fi sọ́kẹ́ẹ̀tì kan síbí náà." A máa ń ṣe é, a ò ní sọ nǹkan kan, ọjọ́ ìṣirò owó ni ìjà á wá bẹ́ sílẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: "Ẹ ǹlẹ́ o. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun tí ẹ ní ká fi sí yàrá, iye tó máa lé lórí ti tẹ́lẹ̀ rèé. Ṣé ká ṣe é?" Tí wọ́n bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbẹ́ ògiri.